Ẹran Ìgbéyàwó Ìkòyí-Ilé

Òórùn sípírítì àti ti aró ló kọ́kọ́ máa ń padà wá bá mi bí mo bá ronú kan àwọn ọdún tí mo lò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn wa kò tóbi. Fèrèsé rẹ̀ kan kọjú sí àgbàlá tí igi máńgòrò wà, èkejì kọjú sí ọ̀nà tí àwọn aláìsàn ń gbà wọlé, abẹ́ èyí ni a to àwọn ìgò aró wa sí: ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ àlùkò, ọ̀kan búlúù tó dúdú bí ẹ̀lú. Ikọ́, ẹ̀jẹ̀, ọyún, ohun tí wọ́n bá gbé wá ni à ń wò. A ó fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra ojú gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó yá a lórí iná fẹ́ẹ́rẹ́, a ó pa á láró, a ó fi omi ṣàn án, kí a tó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohun tí ojú kò tó di ńlá. Púpọ̀ nínú kòkòrò àrùn ni kò ní àwọ̀ kankan lára. Bí a kò bá pa wọ́n láró, ojú á kàn máa là wọ́n kọjá ni.

Ọ̀gá mi níbẹ̀ jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Màmá Díákónì, nítorí díákónì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá rẹ̀ àgbà ti bá àwọn òyìnbó ajíhìnrere láti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn rí, bóyá níbẹ̀ ni ìdílé wọn ti kọ́ àṣà kí a máa fọ ọwọ́ lemọ́lemọ́. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Bí mo bá yá gíláàsì lórí iná ju bó ti yẹ lọ, tí ohun tó wà lórí rẹ̀ jóná, á kàn wo ojú mi, á ní, "Ṣé iṣu lò ń sun ni?" Á sì na òmíràn sí mi.

Èmi, ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ọmọ alápatà. Bàbá mi ń ta ẹran ní ọjà Akẹ̀sán, bàbá tó bí i náà sì tà á níbẹ̀ títí ó fi kú. Nígbà tí mo sọ fún un pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ kọ́ ni wíwo ẹ̀jẹ̀ láti fi mọ àìsàn, ó gbé ọbẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí èmi ti ń wò láti kékeré, ta ló fún mi níwèé ẹ̀rí?" Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kó rí i pé ohun tí mo kà nínú ìwé ju ohun tí ọbẹ lè kọ́ ènìyàn lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo ríṣẹ́, tí mo sì gba yàrá kan ní àdúgbò Under G láàárín àwọn ọmọ iléèwé gíga, ẹ̀wù funfun mi ni mo máa ń wọ̀ láti ilé dé ibi iṣẹ́, kí obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà lè kí mi pé, "Dókítà, ẹ káàárọ̀ o." Orí mi á wú, n kò sì ní sọ fún un pé n kì í ṣe dókítà. Màmá Díákónì ló fòpin sí i. Ó fa apá ẹ̀wù náà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Gbogbo ohun tó ń ta sára rẹ lórí tábìlì yìí lò ń gbé lọ fún alákàrà yẹn. Bọ́ ọ síbí kó o tó máa lọ sílé." Láti ọjọ́ náà ni mo ti padà di ènìyàn lásán lójú alákàrà.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí wọ́n gbé alápatà Ìkòyí-Ilé wá. Ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ ni, ewú ti ń yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé e wá, pẹ̀lú ibà àti apá òsì tó wú títí dé ìgúnpá. Egbò kan wà lára apá náà. Kò tóbi, ó rí roboto, àwọn ìléròrò kéékèèké yí etí rẹ̀ ká, àárín rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Ohun tó ya dókítà lẹ́nu ni pé kò dùn ún.

"Kòkòrò kan ló ta mí lóko," ni alápatà ń wí. "Ojú ibẹ̀ ò dùn mí rárá. Wíwú tó ń wú yìí ni mi ò mọ ìdí ẹ̀."

Dókítà ní kí n wá gba díẹ̀ nínú omi egbò náà fún àyẹ̀wò. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bo imú, mo gbà á, mo sì gbé e lọ sí yàrá wa láìmọ ohun tí mo gbé dání. Aró àlùkò ni mo kọ́kọ́ fi pa á. Nígbà tí mo fi ojú sí awò, mo rí àwọn nǹkan tó dà bí ọ̀pá, wọ́n nípọn, wọ́n gùn, orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì so kọ́ra wọn lọ gbọọrọ bí òparun tó ní oríkèé. Mo ti rí àwòrán irú rẹ̀ nínú ìwé, mo tilẹ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ nínú ìdánwò rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ àwòrán ẹkùn kò tíì pàdé ẹkùn. Mo pe Màmá Díákónì.

Ó fi ojú sí i, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rọra nù ún, ó tún padà wò ó.

"Pa òmíràn láró," ó ní. "Lo búlúù. Má sáré. Ẹni tó bá ń sáré nínú yàrá yìí ló ń da nǹkan nù."

Mo ṣe é bó ti wí. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọ̀pá náà di búlúù, ohun kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká bí ẹni tó da aṣọ bora. Aṣọ náà ni wọ́n fi ń sá fún ẹ̀jẹ̀ wa nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ bá wọn jà.

"Áńtíráàsì ni," Màmá wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dárúkọ ẹnì kan tó ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun ti rí i rí, nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ lápá òkè lọ́hùn-ún. Àrùn ẹran ni. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ló ń pa, ara òkú wọn ló sì ti ń ran ènìyàn. Ẹni tó bá kun ẹran náà, á gba ojú ọgbẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, á gba inú. Ẹni tó bá fà á símú, tirẹ̀ ló burú jù. Màmá ti ilẹ̀kùn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí a ó fi fi omi bílíìṣì nu gbogbo orí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló lọ bá dókítà, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ìlera, wọ́n sì di díẹ̀ nínú omi egbò náà dáadáa láti gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò tó ju tiwa lọ, kí wọ́n lè bá wa fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Síbẹ̀, kí n má purọ́, inú mi ń dùn pẹ̀lú. Mo ti ń rò ó pé wọn yóò máa sọ̀rọ̀ mi ní Ìbàdàn, pé ọmọ alápatà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ rí i. Mo ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ nígbà tí wọ́n bá ní kí n wá ṣàlàyé. Kò tíì wọ orí mi pé bí egbò bá wà lára alápatà, ẹran kan wà níbì kan.

Màmá Díákónì ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Dókítà ti fún ọkùnrin náà ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì ti gbà á sí wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í léèrè ẹran tó pa, ó ní òun kò pa ẹran kankan láti bí oṣù kan. Wọ́n tún bi í, ó kọjú sí ògiri. Àbúrò rẹ̀ tó gbé e wá náà ní òun kò mọ nǹkan kan, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Gbogbo wa rí i pé ọkùnrin yìí ń fi nǹkan pamọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ alápatà, lọ bá a sọ̀rọ̀," Màmá wí fún mi. "Má lọ bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Lọ kí i."

Mo bá a lórí ibùsùn, apá rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Mo kí i kú ìrora, mo fa àga, mo jókòó.

"Bàbá mi náà ní àpá níbẹ̀ yẹn, sà," ni mo wí. "Ibẹ̀ ni ọbẹ máa ń yọ̀ sí bí èèyàn bá ń bọ́ awọ."

Ó yíjú sí mi. "Ta ni bàbá rẹ?"

"Alápatà ni wọ́n, l'Ọ́yọ̀ọ́. Akẹ̀sán ni wọ́n ti ń ta ẹran."

"Ọmọ alápatà wá di nọ́ọ̀sì."

"Yàrá àyẹ̀wò ni mo wà, sà. Èmi ni mo gba omi egbò yín lánàá."

Ó mi orí. Ó bi mí bóyá bàbá mi ṣì ń lo òkúta pípọ́n ọbẹ, tàbí ó ti ń lo irin tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń lò. Mo ní òkúta ni. Ó ní òkúta ló dára. A sọ̀rọ̀ nípa ọbẹ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ pàdé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo wá rọra bi í.

"Màlúù náà, sà, ṣé ó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀?"

"Ó ti dùbúlẹ̀," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀. Wọ́n ní kí n tètè dú u kó tó di òkúǹbete. Mo ṣe bísímílà, mo dú u. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde dúdú, kò sì dì. Ọkàn mi sọ fún mi. Ọwọ́ mi ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Màlúù ta ni, sà?"

"Má bi mí ní ìyẹn."

Mo mọ̀ pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á tún kọjú sí ògiri. Mo wá béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, bí èèyàn ti ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí àìsàn.

"Wọ́n wà ní àlàáfíà. Ilé bàbá ìyá wọn ni wọ́n wà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìgbéyàwó àbúrò ìyá wọn, lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n ń so yìgì, ẹran ni wọ́n ń..."

Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. A jọ wo ara wa. Nígbà náà ni mo mọ ohun tó ń gbé mì láti ọjọ́ tó ti dé. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló ni màlúù. Ta ló fẹ́ jẹ́ àna tí yóò dojú ti àna rẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò ti ń múra ọ̀nà? Ẹni tí a fún lọ́mọ fẹ́ kì í na ìka sí ẹni tó fún un lọ́mọ.

"Ṣé ó lè ṣe ọmọdé ní nǹkan?" ó bi mí.

"Ó lè pa àgbà, sà."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ó ní kí n bá òun mú fóònù òun wá nínú àpò ẹ̀wù tó so kọ́. Àna rẹ̀ ló pè. Mo gbọ́ ohùn bàbá náà dáadáa bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, nítorí irú àwọn àgbà tó máa ń pariwo sínú fóònù ni. Alápatà kí i títí, ó wá sọ ọ́. Bàbá ní àwọn ti jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti fùkù rẹ̀, kò sẹ́ni tí inú run. Ó ní àna òun ń ṣàárẹ̀, ibà ló ń dà á láàmú, kí ó sinmi. Ó ní Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Ó sì pa fóònù.

"Ẹ lọ," alápatà wí fún mi. "Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ ọ́. Kí wọ́n bínú sí mi kí n ṣì wà láyé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti dókítà ẹran tí ìjọba ìbílẹ̀ rán sí wa la jọ gba ọ̀nà Ìkòyí-Ilé nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ kan tó ti gbó. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Eruku ọyẹ́ bo àwọn igi kajú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, gbogbo ewé wọn dà bí ohun tí wọ́n yọ nínú eérú. Mo ń tún ọ̀rọ̀ mi tò ní gbogbo ọ̀nà.

Ilé bàbá ìyàwó ti ń rí bí ilé ìnáwó. Wọ́n ti gbá àgbàlá mọ́, wọ́n ti to ìkòkò ńlá ńlá sẹ́bàá ògiri, àwọn obìnrin ń ṣa ìrẹsì, àwọn ọmọdé ń sáré ká. Mo wo àwọn ọmọ náà, mo ń ro èwo nínú wọn ló jẹ́ ti alápatà. Bàbá náà gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó fún wa ní omi, ó béèrè àna rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló ní kí a sọ ohun tí a bá wá.

Mo dìde, mo sì da ìwé mi sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo orúkọ gígùn tí wọ́n fi kọ́ mi ní yunifásítì ni mo pè, àti òyìnbó àti àdàmọ̀dì Yorùbá. Dókítà ẹran wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbọ́. Nígbà tí mo parí, bàbá náà wò mí tàánútàánú, bí a ti ń wo ọmọ tó ń kà fún àlejò.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwé rẹ wúlò fún ọ. Ṣùgbọ́n a ti yan ẹran yẹn gbẹ lórí iná, a ó sì tún sè é títí á fi rọ̀. Kòkòrò wo ni iná kì í pa?"

Ibi tí mo ti ń wá ohun tí mo lè wí ni ojú mi ti bọ́ sí ilé ìdáná wọn tó ṣí sílẹ̀. Àgbàdo wà lókè àjà níbẹ̀, wọ́n so ó ní ìdì ìdì pẹ̀lú èèpo rẹ̀, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú.

"Bàbá, àgbàdo tó wà lókè yẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Irúgbìn ni. Òjò àkọ́rọ̀ là ń dúró dè."

"Ó ti gbẹ, sà, èéfín sì ń rú sí i lójoojúmọ́. Ṣé kò tíì kú?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Bó bá kú, kí ni mo máa gbìn?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò yìí rí, sà. Bí wọ́n bá ti la òkú ẹran tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á fi èèpo bo ara rẹ̀, á di irúgbìn. Oòrùn kì í pa á, èéfín kì í pa á, ọbẹ̀ lè hó kó má pa á. Inú ara èèyàn ni ilẹ̀ tó ń wá. Tọ́wọ́ àna yín ti hù, sà. Mo rí i."

Àwọn obìnrin tó ń ṣa ìrẹsì ti dáwọ́ dúró. Mo yọ fóònù mi, mo fi àwòrán tí mo yà lójú maikirosíkóòpù hàn wọ́n. Bàbá gbà á, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún sún un mọ́ra. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kí ó wá wo ohun tó pa màlúù wọn. Fóònù náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé ọwọ́ ọmọbìnrin kan tó ti lé làálì sọ́wọ́ àti ẹsẹ̀. Ìyàwó ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Mo rò pé a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ó wo àwòrán náà pẹ́ ju gbogbo wọn lọ.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o dànù."

"Kí la ó fi ṣe àlejò?"

"Ohun tá a bá rí. Mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi ọjọ́ ìgbéyàwó mi rántí ọjọ́ tí wọ́n sin èèyàn wọn."

Ó yí padà, ó ń lọ sí ilé ìdáná láti lọ gbé agbọ̀n ẹran náà. Dókítà ẹran ló sáré dá a dúró, tó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, tó kó ohun gbogbo jáde: èyí tí wọ́n ti yan, èyí tó wà nínú fíríísà aládùúgbò wọn, awọ tí wọ́n sá sórí ògiri, agbọ̀n pàápàá. Bàbá náà jókòó sórí àpótí, ó ń wò. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fi ibi tí igi gbígbẹ wà hàn àwọn ọkùnrin ilé, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò náà kó jìn. A lé ajá sẹ́yìn, a kó àwọn ọmọdé sí apá ibi tí èéfín kò fẹ́ sí. Ìyá ìyàwó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ibi tó ti ń fi ọwọ́ nu ojú ni mo ti rí ìléròrò kan létí ìka rẹ̀. Ó ní ata ló ta òun níbẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kì í ṣe ata.

Gbogbo àwọn tó fọwọ́ kan ẹran náà àti àwọn tó jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fún ní oògùn lò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n gún àwọn màlúù tó kù lábúlé lábẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣe ọgbà yí ibi tí wọ́n ti dú ẹran náà ká. Nígbà tí èsì dé láti yàrá àyẹ̀wò ńlá, ohun tí a rí náà ni àwọn náà rí. Ara ìyá ìyàwó yá kíá. Ti alápatà kò yá bẹ́ẹ̀. Wíwú náà gùnkè dé èjìká, ibà sì mú un débi pé Màmá Díákónì ń lọ gbàdúrà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ láàárọ̀, tí lèmọ́mù kan tó wà ní ibùsùn kejì ń ṣe àmín, tí òun náà ń ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ìrun àṣálẹ̀, tí Màmá ń ṣe àmín. Ọjọ́ tí alápatà kọ́kọ́ béèrè ẹ̀kọ mu ni a mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Èèpo dúdú náà ṣí kúrò níkẹyìn, ó fi àpá kan tó rì wọnú sílẹ̀. Àna rẹ̀ ló wá gbé e lọ sílé. Bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ní, "O ṣeun." N kò gbọ́ ohun mìíràn láàárín wọn.

Wọ́n so yìgì náà lọ́jọ́ Sátidé bí wọ́n ti dá a. Ẹja àti ẹyin ni wọ́n fi ṣe àlejò. Mo gbọ́ pé àwọn kan lábúlé pe ọmọbìnrin náà ní ìyàwó ẹlẹ́ja fún ìgbà pípẹ́, àti pé òun náà máa ń dá wọn lóhùn.

Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún náà, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá mi lórí ìjókòó rẹ̀ ní Akẹ̀sán. Mo ti rò pé n óò sọ ọ́ bí ẹni tó borí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, bí alápatà ọ̀hún ṣe dákẹ́ nígbà tó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo ń sọ. Bàbá mi gbọ́ ọ tán. Ó béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹran náà dì. Mo ní kò dì. Ó fi àkísà nu pákó. Lẹ́yìn náà ló sún fún mi lórí àga, ó ní kí n wá jókòó, kí n sọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan tí èèyàn kò rí láró. Mo sọ ọ́. Ó bi mí bóyá gbogbo kòkòrò ló ń gba aró kan náà. Mo ní rárá, olúkúlùkù ló ní èyí tó ń gbà. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ báyìí. Màmá Díákónì ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti padà sí Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kékeré kan pẹ̀lú àwọn tí mo ń kọ́. Ọ̀pọ̀ gíláàsì ni mo ti pa láró látìgbà náà, ọ̀pọ̀ ikọ́ ife ni mo ti rí tí ó pọ́n bí ata lójú awò, ṣùgbọ́n áńtíráàsì kò tún kọjá níwájú mi mọ́. Nígbà náà, mo rò pé ìgbà tí ojú mi rí òparun àlùkò yẹn ni iṣẹ́ mi parí. N kò mọ̀ pé rírí ló rọrùn jù nínú rẹ̀. Bí alápatà yẹn kò bá ṣí ẹnu, bí ọmọbìnrin yẹn kò bá sọ̀rọ̀, ohun tí mo rí ì bá kàn wà lórí gíláàsì, kí àwọn èèyàn sì máa jẹ ẹran wọn lọ.

Bàbá Ìkòyí-Ilé gba nọ́ńbà mi lọ́jọ́ tí a sun ẹran náà, kò sì jù ú nù. Láti ọdún náà, bí ohunkóhun bá kú lágbo ilé rẹ̀, á pè mí. Ó pè mí nítorí àgùntàn, ó pè mí nítorí ewúrẹ́ tí ọkọ̀ gbá, ó tilẹ̀ pè mí nígbà kan nítorí ológbò. Ní gbogbo ìgbà ni mo máa ń béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí, tí n óò sì ní kí wọ́n sin ín. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ròkè mọ́. Ó ní adìẹ òun kan ló kú.

"Ẹ sin ín, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́."

"Mo ti sin ín láàárọ̀," ó ní. "Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn rẹ ni."